Mùdùnmúdùn tí Shimp kọ̀ láti fún McFall: ojúṣe ìrànlọ́wọ́ àti ibi tó mọ

Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 1978, adájọ́ kan ní Pittsburgh, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, sọ ohun méjì nípa ọkùnrin kan náà nínú ìdájọ́ kan náà. Ó ní ohun tí ọkùnrin náà ṣe kò ní àwíjàre kankan tí a bá fi ojú ìwà wò ó. Ó tún ní kóòtù òun kò ní fi ipá mú un ṣe òmíràn. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ka ẹjọ́ yìí ló rò pé ńṣe ni adájọ́ ń fi ẹnu méjì sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìmọ̀ ìwà tó dá lórí ojúṣe ṣe fẹ́ ká ran ara wa lọ́wọ́ tó, àárín gbólóhùn méjèèjì yẹn gan-an ló yẹ kó dúró sí.

Ẹjọ́ náà

Robert McFall, ẹni ọdún 39, òṣìṣẹ́ tó ń fi asbestos ṣiṣẹ́ ní Pittsburgh, ni àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní aplastic anaemia kọ lù. Nínú àìsàn yìí, mùdùnmúdùn inú egungun, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, máa ń dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ẹ̀jẹ̀ pupa á wálẹ̀, á wá máa rẹ èèyàn tẹnutẹnu. Sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá kòkòrò jà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ibà tí kò tó nǹkan á sì di ohun tó lè pa á. Sẹ́ẹ̀lì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì náà á gbẹ, débi pé ẹ̀jẹ̀ lè ya nínú ọpọlọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbá onítọ̀hún lórí. Ohun tó dára jù tí ìṣègùn ìgbà náà ní fún un ni pé kí wọ́n gba mùdùnmúdùn lára ẹni tí ara wọn bára mu, kí wọ́n sì fà á sí i lára. Ìṣirò àwọn dókítà ni pé bí kò bá rí i gbà, àǹfààní pé yóò lo ọdún kan sí i jẹ́ 25 nínú 100; bí ó bá rí i gbà, ó lè tó 40 sí 60.

Ẹ wo iye yẹn dáadáa. Mùdùnmúdùn kò ṣe ìlérí ìyè fún McFall. Ó kàn máa fi kún àǹfààní rẹ̀ ni. Àwọn tó ń sọ ìtàn ẹjọ́ yìí bíi pé Shimp di ẹ̀mí kan mú lọ́wọ́, tó wá là á mọ́lẹ̀, ti fi àbùmọ́ sí i. Síbẹ̀, fún ẹni tí ikú dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí 25 di 50 kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Wọ́n wá olùtọrẹ láàárín ẹbí. David Shimp, tí òbí rẹ̀ àti òbí McFall jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, gbà láti ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́, èyí tó ń wo bóyá àmì ara sẹ́ẹ̀lì àwọn méjèèjì bára mu. Ó bára mu gan-an. Ó wá ku àyẹ̀wò kejì, tó ń wo ìbáramu àbùdá ìran. Ibẹ̀ ni Shimp ti ní òun kò ṣe mọ́: òun kò ní ṣe àyẹ̀wò náà, òun kò sì ní jẹ́ kí wọ́n fa mùdùnmúdùn lára òun. McFall gbé e lọ sí Court of Common Pleas ti Allegheny County pé kí kóòtù pàṣẹ fún un.

Ìbéèrè tí àwọn olùpẹjọ́ gbé síwájú kóòtù ni pé, bí ẹ̀mí ẹnì kan bá wà nínú ewu, ǹjẹ́ àwùjọ kò lè tẹ ẹ̀tọ́ tí ẹlòmíràn ní lórí ara rẹ̀ lójú díẹ̀ kí ẹ̀mí yẹn má bàa bọ́? Wọ́n wá òfin tí wọ́n lè gbé e lé títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ òfin Westminster Kejì ti Edward Kìíní, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ṣe ní 1285. Bí lọ́yà bá ti walẹ̀ dé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún ó dín díẹ̀ sẹ́yìn kí ó tó rí ohun dì mú, èèyàn ti mọ̀ pé òfin tó wà nílẹ̀ kò sí lẹ́yìn rẹ̀.

Adájọ́ John P. Flaherty kò gbà fún wọn. Ó ní láti ìgbà láéláé ni òfin tí Amẹ́ríkà jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi lélẹ̀ pé kò sí ọ̀ranyàn lábẹ́ òfin fún ẹnikẹ́ni láti ṣe ohunkóhun kí ó lè gba ẹlòmíràn là. Ó ní bí òun bá fi ipá gún ara Shimp, òun ti gbé òfin kan kalẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ ibi tí ààlà rẹ̀ wà, àti pé kí kóòtù máa fa ẹran ara lára alààyè tipátipá ń ránni létí ìwà ìkà ìjọba Násì. Ìdájọ́ náà kò dá lé ìdí tí Shimp fi kọ̀. Ìdí tó dára ni o, ìdí tí kò dára ni o, èsì ì bá ṣì jẹ́ ọ̀kan náà.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ, ẹ̀jẹ̀ ya nínú ọpọlọ McFall, ó sì kú.

Ohun tí wọ́n ní kó fi sílẹ̀

Ohun tí ìrànlọ́wọ́ ń ná ẹni tó fẹ́ ṣe é ló yẹ ká kọ́kọ́ wọ̀n, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń kọ̀wé lórí ìwà ti máa ń sáré kọjá. Wọ́n á ní "ìnira díẹ̀", ó parí. Ìnira náà rèé.

Wọ́n á fún olùtọrẹ ní oògùn akunilóorun, tàbí abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tó ń mú kí ìsàlẹ̀ ara kú tipiri. Á dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ. Dókítà á ti abẹ́rẹ́ tó nípọn gba awọ ẹ̀yìn ìbàdí wọlé, títí yóò fi wọ inú egungun, lọ́tùn-ún àti lósì. Ihò ara awọ kì í pọ̀, ṣùgbọ́n láti inú ihò kan náà ni wọ́n á ti máa darí abẹ́rẹ́ sí oríṣiríṣi ojú ibi lára egungun. Nǹkan bíi mílílítà 5 ni wọ́n ń fà lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá fà á jù lójú kan, ẹ̀jẹ̀ lásán ló máa ya wọ inú rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń wá kò sì ní tó nǹkan. Nítorí náà, kí wọ́n tó rí lítà kan, wọ́n á ti fà á tó igba ìgbà. Ibi tí wọ́n máa ń dá a dúró sí ni mílílítà 20 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí olùtọrẹ wọ̀n: ẹni tó wọ̀n kílò 70, kò gbọdọ̀ ju 1,400 lọ. Wákàtí kan sí méjì ni gbogbo rẹ̀ ń gbà.

Bí ojú rẹ̀ bá là, ìbàdí á máa ro ó. Láti bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀ á nira, gígun àtẹ̀gùn á nira. Ọ̀pọ̀ ń padà sẹ́nu iṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Àwọn mìíràn ṣì ń dọ́wọ́ tẹ ẹ̀yìn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ara á ṣe mùdùnmúdùn mìíràn dípò èyí tó lọ láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ara lè má gba oògùn oorun, abẹ́rẹ́ lè kan iṣan tàbí kó ba egungun jẹ́, kòkòrò sì lè wọlé. Ikú ṣọ̀wọ́n gidigidi, àmọ́ kò sí dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí yóò sọ fún yín pé kò lè ṣẹlẹ̀.

Ìyẹn ni pé ó ju fífi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lọ dáadáa, kò sì tó kíndìnrín, nítorí kíndìnrín kì í hù padà. Èyí tí a tún máa ń gbàgbé ni pé kì í ṣe mùdùnmúdùn nìkan ni Shimp kọ̀. Ó kọ àyẹ̀wò kejì náà, irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kò sì ju ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti apá lọ. Ìkọ̀ méjì nìyẹn, a kò sì gbọdọ̀ wọ̀n wọ́n pọ̀.

Ohun tí Kant béèrè

Immanuel Kant, ará Königsberg ní ilẹ̀ Prussia, ni gbogbo èèyàn ń tọ́ka sí bí ọ̀rọ̀ ojúṣe bá délẹ̀. Ní 1785, ó fi ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ tí ayé yẹ fún, tó ń wo àwọn tó ń jìyà, tó wá ní: kí ló kàn mí níbẹ̀? N kò ní gba tiwọn, n kò ní ṣe ìlara wọn, ṣùgbọ́n n kò ní ràn wọ́n lọ́wọ́. Kant gbà pé ayé kò ní parẹ́ bí gbogbo èèyàn bá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ní kò ṣeé ṣe ni pé kí ẹni tó lórí pípé fẹ́ kí ayé rí bẹ́ẹ̀, torí pé kò sẹ́ni tí kò ní nílò ẹlòmíràn lọ́jọ́ kan. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àmọ́ kì í ṣe "ràn mí kí n ràn ọ́" ni Kant ń sọ. Bí Shimp tilẹ̀ lówó lọ́wọ́, tí ara rẹ̀ sì le bí ẹṣin, tí kò tún ní nílò McFall láéláé, ojúṣe náà kò yẹ̀, nítorí pé McFall jẹ́ èèyàn tó ní ohun tó fẹ́ fi ayé rẹ̀ ṣe, kì í ṣe àga.

Ìwé rẹ̀ ti 1797 ló wá pín ojúṣe sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan dè wá pinpin: má pani, má purọ́, mú ìlérí ṣẹ, san gbèsè. Ìwọ̀nyí ní ẹni tí a jẹ wọ́n, wọ́n sì ní ìgbà tí a gbọ́dọ̀ san wọ́n. Àwọn kan fi àyè sílẹ̀, ìrànlọ́wọ́ sì wà lára wọn. Ohun tí wọ́n pa láṣẹ ni pé kí ire ẹlòmíràn wà lára ohun tí èèyàn ń lépa. Wọ́n kò sọ ẹni tí a ó ràn, ìgbà wo, tàbí iye tí a ó ná. Kant ṣe ọgbà méjì yí i ká. Èkíní, má fún èèyàn títí ìwọ fúnra rẹ yóò fi di ẹni tí wọ́n ń ṣàánú. Èkejì, bí ó ṣe yẹ kí o lọ jìnnà tó wà lọ́wọ́ ohun tí ìwọ gan-an kò lè ṣe aláìní. Ó tilẹ̀ ní kí gbogbo ayé máa fi ire tiwọn rúbọ fún ti ẹlòmíràn jẹ́ òfin tó ń bá ara rẹ̀ jà, nítorí pé kò ní sí ẹni tí yóò kù láti jẹ ire náà.

Ibi tí a ti ń ṣì í lò ni "àyè" yẹn. Ẹni àkọ́kọ́ á gbọ́ pé àyè wà, á ní ó ti di ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú, bó wù mí ma ṣe é, bí kò wù mí ma jókòó. Rárá. Ẹni tí ire ẹlòmíràn jẹ lógún lóòótọ́ á máa hàn nínú ìwà rẹ̀. Bí a bá wo ọdún méjìlá ayé ẹnì kan tí a kò rí ẹyọ ìrànlọ́wọ́ kan, kì í ṣe pé ó lo àyè rẹ̀, kò ní ojúṣe náà lọ́kàn rárá ni. Ẹnì kejì á sọ ọ́ di owó orí: mo ti dá owó nínú ìjọ lóṣù tó kọjá, mo ti san tèmi. Ojúṣe yìí kò ní rìsíìtì. Ẹnì kẹta, ẹni rere tí ọkàn rẹ̀ ń dà á láàmú, á ní níwọ̀n ìgbà tí aláìní bá ṣì wà láyé, òun kò gbọdọ̀ sinmi. Ọgbà méjì tí Kant ṣe yẹn ló dá onítọ̀hún lóhùn.

Àwọn tó tẹ̀ lé Kant kò fẹnu kò lórí bí àyè náà ṣe fẹ̀ tó. Apá kan ní ohun tí ojúṣe yìí fẹ́ kò ju pé kí a máa ràn èèyàn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, dé ìwọ̀n kan. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, Shimp lè ní òun ti ran àwọn mìíràn lọ́wọ́, kí ó sì lọ ní àlàáfíà. Apá kejì ní bí àìní gidi bá wà níwájú ẹni, tí kò sí ẹlòmíràn, tí ohun tí yóò ná wa kò pọ̀, àyè náà á há títí yóò fi dí. Apá kejì yìí ló tọ̀nà lójú tiwa. Bí mo bá yan láti ràn ọ̀kan nínú aláìní mẹ́wàá lọ́wọ́, n kò fojú tín-ín-rín mẹ́sàn-án yòókù. Ṣùgbọ́n bí èmi nìkan bá wà níbẹ̀, tí mo wá fi ẹ̀mí rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, tí mo sì ní ẹ̀yìn ríro ọ̀sẹ̀ kan wúwo jù ú lọ, mo ti kúrò nídìí yíyàn. Mo ti ń sọ ohun tí ẹni náà tó lójú mi. Ọ̀wọ̀ fún èèyàn sì wà lára àwọn ojúṣe tó dè wá pinpin.

Ohun kan wà tí ẹni tó bá fẹ́ gbèjà Shimp lè fi Kant ṣe. Nínú ìwé 1797 yẹn, Kant ní ẹni tó bá yọ eyín ara rẹ̀, ìbáà tà á ìbáà fi tọrẹ, kí wọ́n lè gbìn ín sí ẹnu ẹlòmíràn, ti pa apá kan ara rẹ̀. Kì í ṣe àròsọ: láyé ìgbà yẹn, àwọn oníṣẹ́ eyín ní London àtàwọn ìlú ńlá mìíràn máa ń ra eyín lẹ́nu àwọn ọmọ tálákà fún àwọn olówó. Bí eyín bá jẹ́ èèwọ̀, mùdùnmúdùn ńkọ́? Àmọ́ Kant fúnra rẹ̀ yọ irun sílẹ̀, ó ní gígé irun kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ sí ara ẹni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ kò mọ́ sí títa á. Eyín àgbàlagbà kì í hù mọ́. Mùdùnmúdùn ń padà wá láàárín ọ̀sẹ̀ 6, ara olùtọrẹ kò sì pàdánù iṣẹ́ kankan. Ọ̀dọ̀ irun ló wà. Ẹni tó bá ń gbèjà kíndìnrín ló ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe lọ́dọ̀ Kant, kì í ṣe ẹni tó ń gbèjà mùdùnmúdùn.

Ìlànà wo ló wà lọ́kàn rẹ̀?

Ọ̀nà tí Kant fi ń dán ìwà wò ni pé kí èèyàn sọ ìlànà tí òun fi ń ṣe ohun tí òun ń ṣe, kí ó sì wò ó bóyá òun lè fẹ́ kí ó di òfin fún gbogbo ayé. Iṣẹ́ gidi wà nínú bí a ṣe ń sọ ìlànà náà. A kò mọ èyí tó wà lọ́kàn Shimp, nítorí náà ẹ jẹ́ ká gbé mẹ́ta wò.

Bí ó bá jẹ́ "n kì í ràn ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ tí kò bá sí èrè níbẹ̀", ó ti ṣubú, àpẹẹrẹ Kant fúnra rẹ̀ nìyẹn.

Bí ó bá jẹ́ "n kò ní jẹ́ kí wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ nítorí ẹlòmíràn", ó dà bí ohun tó mọ níwọ̀n. Ẹ sọ ọ́ di òfin gbogbo ayé: kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú fìríìjì ilé ìwòsàn kankan mọ́. Aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ á kú. Shimp fúnra rẹ̀, bí mọ́tò bá gbá a lọ́la, á kú. Kò lè fẹ́ bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Ìlànà yìí náà ṣubú, ó kéré tán fún àyẹ̀wò kejì tí kò ju ẹ̀jẹ̀ apá lọ.

Bí ó bá wá jẹ́ "n kò ní gba oògùn oorun fún àǹfààní ẹlòmíràn níbi tí ewu rẹ̀ fún mi bá pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ", bóyá nítorí àìsàn ọkàn tàbí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i nígbà iṣẹ́ abẹ kan, èyí dúró digbí. Gbogbo ayé lè máa tẹ̀ lé e, ìrànlọ́wọ́ kò sì ní parẹ́.

Ọgbọ́n àrékérekè tó wọ́pọ̀ níbí ni pé kí èèyàn máa gé ìlànà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ títí yóò fi bá ara rẹ̀ nìkan mu: "n kò ní fi mùdùnmúdùn fún ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi lóṣù keje". Ìyẹn á yege nínú ìdánwò èyíkéyìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìlànà, àwáwí tó wọ aṣọ ìlànà ni. Ohun tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni láti bi í pé: bí oṣù keje bá yí padà di oṣù kẹwàá, ṣé wàá gbà? Bí kò bá ní gbà, oṣù kọ́ ni ìdí. Ìbẹ̀rù náà wà níbẹ̀, a kò lè fojú pa á rẹ́. Ìbẹ̀rù abẹ́rẹ́ tàbí ti iṣẹ́ abẹ lè le débi tó fi jẹ́ ìnira gidi, Kant sì fi ìwọ̀n ohun tí èèyàn lè gbé sílẹ̀ fún olúwarẹ̀. Ṣùgbọ́n ojúṣe fẹ́ kí ẹni tó ń bẹ̀rù kọ́kọ́ wá ẹni tó mọ̀, kí ó béèrè, kí ó gbọ́ iye ewu gan-an, kí ó tó kọ̀. Ìbẹ̀rù tí kò fẹ́ gbọ́ àlàyé ni kò ní àwíjàre.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìbátan. Lọ́dọ̀ wa, kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ ẹjọ́ yìí tí kò ní kọ́kọ́ pariwo pé "ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kẹ̀!" Kant kò fi ẹ̀jẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀ ojúṣe, ṣùgbọ́n ó gbà pé a lè fi àyè yẹn ṣe ti ẹni tó sún mọ́ wa ṣáájú. Níbí, ìbátan ṣe ohun mìíràn tó wúlò jù: òun ló jẹ́ kí ara wọn bára mu. Ohun tó so ọ̀rọ̀ náà mọ́ Shimp lọ́rùn ni pé òun nìkan ni wọ́n rí, ní ìgbà tí àkójọ orúkọ àwọn olùtọrẹ kò tíì tó nǹkan. Lónìí, orílẹ̀-èdè púpọ̀ ló ní àkójọ bẹ́ẹ̀. Ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1986. Síbẹ̀, "òun nìkan" kò tíì kúrò nílẹ̀ fún aláwọ̀ dúdú. Ìṣirò wọn ní Amẹ́ríkà ni pé aláwọ̀ funfun tó bá ń wá olùtọrẹ tó bára mu délẹ̀ á rí i nígbà 79 nínú 100. Fún aláwọ̀ dúdú, nǹkan bíi 29 ni. Ìdí nìyí tí wọ́n fi dá àjọ African Caribbean Leukaemia Trust sílẹ̀ ní Britain ní 1996, tí Nàìjíríà náà sì fi ṣí àkójọ tirẹ̀ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Enugu ní 2012. Ọmọ Yorùbá kan ní Houston tàbí Peckham tí wọ́n pè pé ara rẹ̀ bá ti aláìsàn kan mu, ibi tí Shimp dúró sí lòun náà dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ aláìsàn náà rí. Kí ó tó forúkọ sílẹ̀, àyè rẹ̀ fẹ̀: ó lè forúkọ sílẹ̀, ó sì lè yan ọ̀nà ìrànlọ́wọ́ mìíràn. Bí ìpè bá ti dé, àyè ti há.

Kí ló dé tí a kò lè fi ipá mú un?

Bí ó bá jẹ́ ojúṣe, kí ló ń dí kóòtù lọ́wọ́? Lójú Kant, ohun tí a lè fi ipá gbà kò ju ojúṣe tó jẹ mọ́ ẹ̀tọ́ lọ: gbèsè, àdéhùn, ìpalára. Ojúṣe ìrànlọ́wọ́ fẹ́ kí ire ẹlòmíràn di ohun tí èèyàn ń lépa, ìlépa sì jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ọlọ́pàá gbé sí ẹlòmíràn lọ́kàn. Kóòtù lè rí mùdùnmúdùn gbà lára Shimp. Kò lè rí ìrànlọ́wọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n dè mọ́ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n sì fa nǹkan lára rẹ̀ ti di ohun èlò lásán, ohun kan náà tí a ní kò gbọdọ̀ fi McFall ṣe. Flaherty kò dárúkọ Kant, ṣùgbọ́n ibi tí Kant ì bá fà á sí ló fà á sí.

Èyí kò ní kí òfin má fọwọ́ kan ìrànlọ́wọ́ rárá. Òfin ìwà ọ̀daràn Jámánì ń fi ẹni tó kọ̀ láti ràn èèyàn lọ́wọ́ nínú jàǹbá sí ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún kan, níwọ̀n bí kò bá ti sí ewu ńlá fún un níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà ti ní irú rẹ̀ láti 1968, pẹ̀lú owó ìtanràn tí kò ju 100 dọ́là lọ. Ní Nàìjíríà, òfin ìlera ti 2014 sọ pé dókítà tàbí ilé ìwòsàn tó bá kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì lè san 100,000 náírà, tàbí kí wọ́n ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Òfin kan náà yẹn ló ní, yàtọ̀ sí àyẹ̀wò àti ìtọ́jú pàjáwìrì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹran ara lára alààyè láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i. Gbogbo àwọn òfin wọ̀nyí lè ní kí èèyàn na ọwọ́, kí ó pe dókítà, kí ó dúró. Kò sí èyí tó ní kí èèyàn ṣílẹ̀kùn awọ ara rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Nígbà tí oògùn bá ti wọ ara aláìsàn

Ibì kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí ojúṣe tó fi àyè sílẹ̀ ti ń di èyí tó dè pinpin, gbogbo ẹni tó ń bá olùtọrẹ sọ̀rọ̀ ló sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n tó fa mùdùnmúdùn tuntun sí aláìsàn, wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi oògùn pa ààbò ara rẹ̀ rẹ, kí ara má bàa lé àlejò náà jáde. Fún àìsàn irú ti McFall, ìlànà tí àwọn dókítà Seattle fi lélẹ̀ láyé ìgbà náà ni cyclophosphamide, mílígíráàmù 50 fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, fún ọjọ́ 4. Lẹ́yìn ìyẹn, aláìsàn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti tán tẹ́lẹ̀ kò ní nǹkan kan mọ́ tó lè fi bá kòkòrò jà. Bí olùtọrẹ bá yí ọkàn padà lọ́jọ́ kẹta, kì í ṣe pé kò ràn án lọ́wọ́. Ó ti jẹ́ kí wọ́n ba ara rẹ̀ jẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu tirẹ̀. Ìlérí àti ìpalára ló délẹ̀ yẹn.

Shimp kò dé ibẹ̀. Gbígbà tó gbà láti ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kì í ṣe ìlérí pé yóò fi mùdùnmúdùn sílẹ̀. Bí a bá sọ ọ́ di ìlérí, kò sẹ́ni tí yóò jẹ́ ṣe àyẹ̀wò mọ́. Ohun tí a lè bi í ni ọjọ́ tí aláìsàn fi dúró dè é, nítorí ọjọ́ kì í ṣe ohun kékeré nínú àìsàn yìí. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun kò ní lè ṣe é, kí ó sọ ọ́ ṣáájú àyẹ̀wò, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi máa ń fún olùtọrẹ ní dókítà tirẹ̀, tó yàtọ̀ sí ti aláìsàn, tí wọ́n á sì fi ọjọ́ tí oògùn yóò wọlé hàn án lórí kàlẹ́ńdà: ṣáájú ọjọ́ yìí, o lè sọ pé rárá, lẹ́yìn rẹ̀, òfin ṣì gbà ọ́ láyè, ṣùgbọ́n ìwọ lo máa mú kí ó kú.

Kí ni wọ́n á sọ fún aláìsàn?

Ohun tó gba àròjinlẹ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ilé ìwòsàn báyìí ni èyí. Olùtọrẹ kan á fa dókítà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ní òun kò fẹ́ ṣe é, àmọ́ òun kò lè wí i níwájú ẹbí. Àṣà tó gbòde ni pé dókítà á lọ sọ fún ẹbí pé "àyẹ̀wò fi hàn pé kò yẹ fún un". Àánú ni, ó ń gba ẹni náà lọ́wọ́ ìfipámúni ẹbí, tó lè burú ju ti kóòtù lọ. Ṣùgbọ́n irọ́ ni, Kant kò sì gba irọ́ láyè, àní nítorí àánú. Ó tún ní ìpalára tirẹ̀: aláìsàn lè padà ní kí wọ́n tún àyẹ̀wò ṣe níbòmíràn, tàbí kí olùtọrẹ fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé àìsàn kan wà lára òun.

Ọ̀nà tí kò nílò irọ́ wà. Kí ilé ìwòsàn ní òfin pé òun kì í sọ ìdí fún ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ìdí ara, ìbáà jẹ́ ìdí ọkàn. Ohun tí dókítà á wí kò ní ju: "Ẹ máa bínú, ẹni yìí kò ní jẹ́ olùtọrẹ fún yín. A kì í sọ ìdí, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe fún gbogbo èèyàn. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí ohun tó kù." Ohun tó kù sì ti pọ̀ ju ti 1978 lọ: àkójọ olùtọrẹ, àtàwọn oògùn bíi antithymocyte globulin àti ciclosporin tí wọ́n ń fún ẹni tí kò rí olùtọrẹ. Òfin yìí kì í ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá ń lò ó fún ẹni tó kọ̀ nìkan. Bí dókítà bá ń ṣàlàyé nígbà tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, tó wá ń dákẹ́ nígbà tó jẹ́ ìkọ̀, ẹbí kò ní pẹ́ mọ ohun tí ìdákẹ́ túmọ̀ sí. Ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ pe gbogbo ẹbí jọ, kí abẹ́rẹ́ àyẹ̀wò kankan tó kan apá ẹnikẹ́ni, ni kí wọ́n ti kà á sí wọn létí.